Ta Ni Yóò Gbé Wa? Ìtàn Títọrọ Lífítì Jáde Kúrò ní Port Harcourt

Ìfáárà

Bí ilé ìwé bá ti jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, etí títì ni ẹ ó ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Báàgì wà ní èjìká, nóòtì ìkọ́ni wà lábẹ́ abíyá, wọ́n sì ń ju ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Ìdánrawò ìkọ́ni, tí gbogbo wa ń pè ní TP, ló gbé wọn dé ibẹ̀. Ilé ìwé tí a pín wọn sí jìnnà sí ibi tí wọ́n ń gbé, owó ọkọ̀ àlọ-àbọ̀ sì ti ju ohun tí òbí ń fún wọn lọ. Bí ọkọ̀ aládàáni kan bá dẹwọ́ eré, wọ́n á sáré tẹ̀lé e. Àwa olùkọ́ wọn náà ń wa ọkọ̀ tiwa kọjá níbẹ̀. Nígbà mìíràn a máa ń dúró. Nígbà púpọ̀ a kì í dúró.

Àwa méjì tí a kọ bébà yìí, ọ̀kan ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtàn, èkejì ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Ìpínlẹ̀ Rivers ni àwa méjèèjì ti sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́rìnlá ló wà láàárín ìgbà tí ẹnì kìn-ín-ní lọ àti ìgbà tí ẹnì kejì lọ. Etí títì Port Harcourt ni a ti mọ bó ṣe rí kí ènìyàn máa wo ojú awakọ̀ tí kò mọ̀ rí, kí ó sì máa gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ bíréèkì. Nígbà tí a jókòó ro ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìlú yẹn ni ọkàn wa padà sí.

Ìbéèrè wa kò le. Láti ìgbà tí Port Harcourt ti wà, ta ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbé jáde, ta sì ni wọ́n ń fi sílẹ̀? Èrò wa ni pé lífítì kò fìgbà kankan jẹ́ ọ̀fẹ́ lásán. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ẹni tí kò mọ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì ìfọkàntán kan lára: ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ èdè, ó lè jẹ́ ara tí kò ní àpá. Bí àkókò ṣe ń yí ni àmì náà ń yí. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti di àlòkù yóò fi ẹsẹ̀ rìn.

Orúkọ tí a ń pè é

Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn fi ń pe àṣà yìí. Lífítì ni ọ̀pọ̀ ń sọ. Àgbàlagbà lè sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ mi síwájú díẹ̀.” Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lífítì ni sọ̀ọ́lẹ̀ wà, èyí tí í ṣe wíwọ ọkọ̀ akérò lójú ọ̀nà láìdé gáréèjì, àti kábúkábú, ọkọ̀ aládàáni tí kò ní ọ̀dà takisí ṣùgbọ́n tó ń gba owó. Lójú ọ̀nà, ààlà tó wà láàárín àwọn mẹ́ta yìí kò nípọn. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ bi í pé, “Kí ni kí n fún yín?” ni ẹ ó tó mọ èyí tí ẹ wọ̀. Bó bá ní kí ẹ máa lọ, lífítì ni. Bó bá dárúkọ iye kan, kábúkábú ni, ẹ kàn ṣèèṣì má mọ̀ ni.

A kì í na àtàǹpàkò síta bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe. Ọwọ́ la ń jù, a ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ilẹ̀, a ó máa gbé e sókè sódò. Ní Port Harcourt, Pidgin ni a fi ń tọrọ. Èdè tí a fi pàdé awakọ̀ ṣe pàtàkì níbẹ̀, bí a ó ṣe rí i.

Ìlú tí ojú irin bí

Èédú ló bí Port Harcourt. Ní 1909 ni àwọn òyìnbó rí èédú ní agbègbè Udi, wọ́n sì nílò èbúté tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí láti kó o. Láàárín 1912 sí 1913 wọ́n yan ilẹ̀ kan létí odò Bonny, ilẹ̀ tí àwọn Ikwerre ti Diobu àti àwọn Okrika ń lò tipẹ́tipẹ́. Ní oṣù kẹjọ 1913, Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt sọ ìlú tuntun náà. Harcourt ni mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ àmúnisìn ní London nígbà náà. Ẹnu àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́ di Pitakwa. Ní 1916, ojú irin láti èbúté náà ti dé Enugu.

A fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí, nítorí òun ló ṣàlàyé púpọ̀ nínú ohun tó kù. Ìlú àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Town, dà bí ahọ́n tó yọ sínú omi. Odò Bonny wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, odò Amadi wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹrẹ̀ àti igi ẹ̀gbà sì pọ̀ létí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ jáde, àríwá nìkan ló lè kọjú sí. Ọ̀nà méjì ló sì gba ibẹ̀ lọ. Ọ̀nà Aba gba Waterlines, Rumuola àti Oil Mill lọ sí Oyigbo, ó sì sọdá odò Imo. Ọ̀nà Ikwerre gba Diobu kọjá lọ sí ìhà Owerri. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà East-West wá dá àwọn méjèèjì lágbede. Títí di òní, Mile 1, Mile 2, Mile 3 àti Mile 4 ni orúkọ àwọn àdúgbò kan ní ọ̀nà Ikwerre. Bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí Town ni wọ́n fi ń pè é. Ìlú tó ń fi jíjìnnà sí orísun rẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ kò wọ́pọ̀.

Bí ìlú ṣe ń fẹ̀ ni ibi tí a ti ń tọrọ lífítì ń sún síwájú. Ẹni tó bá dúró ní Mile 1 lónìí kàn ń fi àkókò ṣòfò, nítorí ọkọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ kò tíì jáde nílùú rárá. Rumuokoro ni ẹni tó ń lọ sí Ahoada tàbí Owerri gbọ́dọ̀ dé, Eleme Junction sì ni ti ẹni tó ń lọ sí Aba tàbí Bori. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ ó ti san owó ọkọ̀ inú ìlú. Ní ẹ̀kà ènìyàn ti 1963, ìlú náà ní nǹkan bí 180,000 ènìyàn. Ní 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Port Harcourt àti ti Obio/Akpor, tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ mọ́, ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú irin ni gbogbo nǹkan, kò sì sí ẹni tó ń tọrọ lífítì lọ́wọ́ rélùwéè: o ní tíkẹ́ẹ̀tì tàbí o kò ní. Mọ́tò ló mú ìdúnàádúrà wá. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ti wà láti nǹkan bí 1906. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò bíi Salami Agbaje ní Ìbàdàn di ọlọ́kọ̀. Louis Odumegwu Ojukwu, bàbá ẹni tó ṣe olórí Biafra, fi ọkọ̀ akẹ́rù di olówó ńlá. Bọ̀lẹ̀kájà ni a ń pe lọ́rì onípákó lọ́dọ̀ wa, gwongworo ni àwọn Igbo ń pè é. Lórí lọ́rì bẹ́ẹ̀ ni lífítì ìgbà náà wà: ẹ ó gun orí ẹrù, ẹ ó fi nǹkan díẹ̀ sí ọwọ́ dérébà tàbí ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, owó náà kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ láéláé. Dérébà ń ṣe oore pẹ̀lú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ elépo yóò tún gbé e dé.

Àwọn tí ọkọ̀ kò ní gbé

Láàárín àwọn ọdún 1920, wọ́n ń tọ́jú àwọn ènìyàn tó ní àrùn ẹ̀tẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Port Harcourt. Nígbà tí dókítà òyìnbó tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ, àwọn aláṣẹ fẹ́ kí wọ́n túká, kí oníkálùkù padà sí ìlú rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Láti 1928 títí di 1932 ni wọ́n fi bá ìjọba fà á. Ikoli Harcourt Whyte, ọmọ Kalabari láti Abonnema, ló wà níwájú wọn. Ní 1932 ni wọ́n fi Port Harcourt sílẹ̀ lọ sí ibùdó ìtọ́jú adẹ́tẹ̀ ní Uzuakoli, ìlú kan tó wà lórí ọ̀nà ojú irin Enugu. Níbẹ̀ ni Harcourt Whyte ti kọ ọ̀pọ̀ orin ìjọ ní èdè Igbo, tí wọ́n ṣì ń kọ títí di òní. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní 1977.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ìtàn yìí nítorí Ola Rotimi. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ Ijaw láti Nembe, ó sì kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Port Harcourt. Eré rẹ̀, Hopes of the Living Dead, tí a tẹ̀ jáde ní 1988, dá lé ìjàkadì àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Nínú eré náà, oníkálùkù ń sọ èdè ilé rẹ̀ lórí ìtàgé, ẹlòmíràn ń túmọ̀ fún àwọn tó kù. Kò sí ìwé tó bá ìpàdé elédè púpọ̀ bíi tiwa yìí mu tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí títì ni a fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ìjọba sọ fún adẹ́tẹ̀ pé kó máa lọ sílé, kí ni ó fẹ́ wọ̀ lọ? Ọwọ́ tí a ń jù sí ọkọ̀ wà lára ibi tí àrùn náà ti ń fi ara hàn. Dérébà lọ́rì yóò ti rí i kó tó rí ojú rẹ̀. Yorùbá náà mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí adẹ́tẹ̀. A kò lè fi ìka sí àwọn ará Port Harcourt nìkan. Lójú tiwa, ẹ̀rù ibùsùn tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn nìkan kọ́ ló mú kí àwọn aláìsàn náà takú. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí a bá tì sójú ọ̀nà láìsí ẹni tó máa gbé e, inú igbó ni a tì í sí. Ọ̀nà kì í kọ ènìyàn. Ọlọ́kọ̀ ló ń kọ ènìyàn.

Oṣù karùn-ún 1968

A dá ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀ ní 27 oṣù karùn-ún 1967. Ní 6 oṣù keje ọdún náà, ogun bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 19 oṣù karùn-ún 1968, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Third Marine Commando lábẹ́ Benjamin Adekunle, tí í ṣe ọmọ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, gba Port Harcourt.

Ìlú tó jẹ́ pé àríwá nìkan ni ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí wá di ìgò tí ọrùn rẹ̀ tín-ínrín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ya sí ọ̀nà Aba àti ọ̀nà Owerri pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ogun ti gba ọ̀pọ̀ ọkọ̀, epo sì ti di ohun ọ̀wọ́n. Nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a kì í tọrọ lífítì. A máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Ẹni tó ní ẹbí tó ní mọ́tò bọ́ síwájú, ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ bọ́ síwájú. Arúgbó ni ó kẹ́yìn.

Ibi tí a ti dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà tún le ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ ogun, wọ́n ti ń wo àwọn ẹ̀yà kéékèèké ìpínlẹ̀ Rivers bí ẹni tó lè jẹ́ sábò, ìyẹn ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá ti wúwo lórí èdè Igbo lè bá ara rẹ̀ nínú ìyọnu. Nígbà tí ogun parí ní 15 oṣù kìn-ín-ní 1970, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ Igbo tó fẹ́ padà sí ilé rẹ̀ ní Port Harcourt gbọ́ pé ilé náà ti di ohun ìní tí a pa tì, ìjọba sì ti fi í sí abẹ́ àkóso tirẹ̀. Orúkọ àdúgbò pàápàá yí: Umu di Rumu níwájú ọ̀pọ̀ orúkọ, Obigbo di Oyigbo. Láti ọjọ́ náà, bí o bá ń tọrọ lífítì ní ọ̀nà Aba, orúkọ tí o bá pe ibi tí o ń lọ ti sọ fún awakọ̀ irú ẹni tí o rò pé o jẹ́. Àwa ọmọ Yorùbá, tí a kò mọ èyí nígbà tí a kọ́kọ́ débẹ̀, ti pè é ní Obigbo níwájú ẹni tí kò yẹ kí a pè é bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò wá, ó dákẹ́, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ lónìí kò gbọ́ nǹkan kan nípa èyí nílé ìwé, nítorí wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró láti sáà 2009/2010, ó sì pẹ́ kó tó padà. Wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọn kò mọ ìtàn orúkọ rẹ̀.

Kákí

Ní 2 oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà fi wíwa ọkọ̀ ní ọwọ́ òsì sílẹ̀, ó sì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó ń tọrọ lífítì náà ní láti sọdá títì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 22 oṣù karùn-ún 1973, ìjọba Gowon ṣe òfin tó dá ìsìnrú ìlú sílẹ̀, ìyẹn NYSC, láti so orílẹ̀-èdè tí ogun fà ya pọ̀. Ohun tí òfin náà kò kọ sílẹ̀, tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú èso rẹ̀ tó dùn jù, ni pé ó fún ọmọ ẹlòmíràn ní aṣọ tó lè fi dúró létí títì ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Kákí di ìwé ìrìnnà. Kò ní ẹ̀yà, kò sọ Igbo, kò sọ Ikwerre, kò sọ Yorùbá. Awakọ̀ tó bá rí i mọ̀ pé ọmọ ìjọba ni, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ tirẹ̀ náà wà ní Sokoto tàbí Òndó, ó ń dúró de ẹni tó máa gbé e.

Owó epo ti pọ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ ń pọ̀ sí i lẹ́yìn owó Udoji ti 1975. Ilé ìfọpo Alesa-Eleme ti wà láti 1965, ọkọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ elépo sì kún ọ̀nà. Dérébà wọn tún ń ṣe oore pẹ̀lú ọkọ̀ ẹlòmíràn, bíi ti dérébà lọ́rì àtijọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú wa sin ìlú ní 1994, ọdún tí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ epo sọ bẹntiróòlù di wúrà. Ilé ìwé kan ní ìhà Ahoada ni ó ti ń kọ́ni. Ó dúró ní Rumuokoro pẹ̀lú kákí rẹ̀, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ pick-up kan tó kó àpótí bíà òfìfo fi dúró. Awakọ̀ náà kò béèrè owó. Ó ní kí kọ́pà máa bá òun sọ̀rọ̀ kí oorun má baà gbé òun, nítorí òun kò sùn lóru àná. Nígbà tí wọ́n kọjá Choba, ó fa lẹ́tà kan tó ti pọ̀n rẹ́súrẹ́sú yọ, ó ní kó bá òun kà á. Lẹ́tà láti ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ lé ọmọ náà nítorí owó ilé ìwé. Kọ́pà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Pidgin, ó sì kọ èsì sí ẹ̀yìn bébà náà lórí itan rẹ̀, ọkọ̀ ń gbọ̀n, lẹ́tà rẹ̀ ń wọ́. Bàbá náà gbé e dé ẹnu géètì ilé ìwé rẹ̀, ó kọjá ibi tó yẹ kó yà. A kò mọ̀ bóyá ọmọ náà padà sí kíláàsì.

Ìgbà tí ẹ̀rù wọ inú ọkọ̀

Láti bí 2006, ìjà àwọn ajàjàgbara nínú àwọn odò Niger Delta àti ìjínigbé àwọn òṣìṣẹ́ elépo ti di ohun ojoojúmọ́. Ní oṣù kẹjọ 2007, àwọn ẹgbẹ́ onísùnmọ̀mí yìnbọn lu ara wọn nínú ìgboro Port Harcourt débi pé ọmọ ogun wọlé, ìjọba sì kéde kónílégbélé. Ní oṣù kìn-ín-ní 2009, wọ́n jí Elechi Amadi gbé ní ilé rẹ̀ ní Aluu, òǹkọ̀wé àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀, ta ló máa ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún àjèjì?

Ẹ̀rù náà ní ojú méjì. Awakọ̀ ń bẹ̀rù ẹni tó ń ju ọwọ́, ẹni tó ń ju ọwọ́ ń bẹ̀rù awakọ̀. “One chance” ni gbogbo Nàìjíríà ń pe ọkọ̀ tí olè fi ń gbé èrò. Àwọn ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sí ara ọkọ̀ wọn pé kò sí lífítì, wọ́n sì lè lé dérébà tó bá rú òfin náà. Bẹ́ẹ̀ ni oore tí a ń fi ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe láti ayé lọ́rì onípákó ṣe di ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹnì kejì nínú wa sin ìlú ní 2008. Rumuokoro kan náà, kákí kan náà. Wákàtí méjì ààbọ̀ ló fi dúró. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló dúró. Awakọ̀ náà yí gíláàsì sílẹ̀ ìwọ̀n ìka kan, ó béèrè káàdì ìdánimọ̀, ó gbà á, ó wò ó níwájú àti lẹ́yìn, ó dá a padà, ó sì lọ. Kò sọ ohun tí káàdì náà kò ní. Olè náà ti ń wọ kákí nígbà náà, awakọ̀ sì mọ̀.

Omi náà dá sí i. Nínú oṣù kẹwàá 2012 àti oṣù kẹwàá 2022, àgbàrá gé ọ̀nà East-West ní ìhà Ahoada. Ní 2022, ọkọ̀ kò lè kọjá rárá. Àwọn ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi kéékèèké sọdá sí ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń dúró. Ẹni tó ni jíìpù àti ẹni tó ń tọrọ lífítì jókòó sórí pákó kan náà. Ní 29 oṣù karùn-ún 2023, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù sì fò láti bí 190 náírà sí iye tó lé ní 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà, níbi gbogbo tí a mọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fún ènìyàn ní lífítì tẹ́lẹ̀ ti di kábúkábú. A kò bá wọn wí. Ọkọ̀ wọn náà ń mu epo.

Níbòmíràn

Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ojú àánú. Ní Poland, láti ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba ṣe ìwé pélébé fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ rìnrìn àjò. Wọ́n á ya kúpọ́ọ̀nù fún awakọ̀ tó bá gbé wọn, awakọ̀ tó bá kó púpọ̀ jọ sì lè gba ẹ̀bùn. Ní Cuba, nígbà tí epo wọ́n lẹ́yìn ìtúká ìjọba Soviet, wọ́n gbé àwọn òṣìṣẹ́ aláṣọ yẹ́lò sí oríta. Iṣẹ́ wọn ni láti dá ọkọ̀ ìjọba dúró, kí wọ́n sì fi èrò sínú àyè tó ṣófo. Ohun tí ìlú méjèèjì yìí ṣe ni pé wọ́n gba ẹrù ìfọkàntán kúrò lórí ẹni tó dúró létí títì. Ẹlòmíràn ló dúró fún un.

Lọ́dọ̀ tiwa

A padà sí ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wà ní ọdún kẹta wọ ọkọ̀ aládàáni kan nígbà tó ń bọ̀ láti TP. Ènìyàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n gba báàgì rẹ̀ pẹ̀lú nóòtì ìkọ́ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì tì í sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kò tíì dúró dáadáa. Eékún méjèèjì bó. Nínú ìpàdé tí a ṣe lórí rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹnì kan béèrè ni pé kí ló dé tí kò lọ sí gáréèjì. A wà níbẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ti ń dùn wá láti ìgbà náà.

Owó gáréèjì ni kò ní. Àwa la pín in sí ilé ìwé náà, a kò sì béèrè bó ṣe máa débẹ̀. Bí a bá fi ìtàn Port Harcourt wò ó, ìbéèrè tó yẹ ni pé àmì ìfọkàntán wo ni a fún un kó lè dúró létí títì. A kò fún un ní nǹkan kan. Àṣọ ilé ẹ̀kọ́ tó wọ̀ kò dá ẹnikẹ́ni lójú mọ́, gẹ́gẹ́ bí kákí kò ṣe dá awakọ̀ Rumuokoro lójú ní 2008. A sì ti ń sọ fún un pé kó má wọ ọkọ̀ àjèjì, nígbà tí ọkọ̀ àwa tó mọ orúkọ rẹ̀ ń kọjá lófìfo.

Ohun méjì ni a ti bẹ̀rẹ̀. Nínú kíláàsì ìtàn, a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ bi àgbàlagbà kan nínú ẹbí rẹ̀ pé ta ló kọ́kọ́ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀, níbo ni, kí sì ni awakọ̀ náà rí lára rẹ̀ tó fi dúró. Iṣẹ́ yìí rọrùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń mú kí àwọn arúgbó sọ̀rọ̀ nípa ogun, nípa Udoji, nípa ìlú tí wọ́n ti kúrò, láìjẹ́ pé ẹnì kan béèrè. Èkejì ni ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì TP. Olùkọ́ tó bá ní ọkọ̀ yóò kọ orúkọ rẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà lọ sílé, ọjọ́ àti àkókò tó ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọ̀nà náà yóò kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, akọ̀wé ọ́fíìsì yóò sì fọwọ́ sí i, kí ẹni kẹta lè mọ ẹni tó wọ ọkọ̀ ta ni. Àwọn akẹgbẹ́ wa kan bẹ̀rù pé bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àwọn ni ìdílé ọmọ náà máa mú. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, a kò sì tíì rí ìdáhùn sí i. Nígbà tí a ń parí bébà yìí, orúkọ ọkọ̀ mẹ́rin ló wà lórí ìwé náà. Méjì nínú wọn jẹ́ tiwa.